Oògùn Aláwọ̀ Ìyeyè tí Mo Pín ní Akaka

Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀.

Fọlákẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó tún ń kọ́ mi lọ́gbọ́n,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́rú. Awakọ̀ tó mú un wá láti Ṣágámù kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí bàbá rẹ ti já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á ní ìdúró, ó jókòó, ó tún un kà, ló bá wọ agbádá lọ sílé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti lọ ròyìn pé ọmọ òun ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ apoògùn ní Ìkejà. Tí o bá gbọ́ ní Ìpẹ̀rú pé ìwọ gan-an lo ni ilé iṣẹ́ náà, má bínú, ẹnu bàbá rẹ ló ti jáde. Inú tèmi náà dùn. Ó dùn débi pé mo gbàgbé ẹ̀wà lórí iná, ó sì jóná. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí gbogbo ọdún tí o fi ka ìwé oògùn já sí asán.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà rẹ, o kọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ará ilé. O ní oògùn ibà tuntun kan wà tí àwọn ọ̀gá yín fẹ́ dán wò, pé àwọn abúlé Rẹ́mọ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, pé iṣẹ́ tìrẹ ni láti bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀, kí o sì gba ìtẹ̀ka wọn pé àwọn gbà. O wá ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ṣì mọ ẹnikẹ́ni ní Akaka tó lè mú wa mọ àwọn èèyàn ibẹ̀?"

Mo mọ ẹnìkan. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti lẹ́tà yìí. Má kà á níbi iṣẹ́ o. Mú un lọ sílé, kọ́kọ́ jẹun ná.

O mọ̀ pé mo ṣe tíṣà ní Akaka kí n tó fẹ́ bàbá rẹ. Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni pé mo ti ṣe irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ sí yìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà, pọ́n-ùn là ń ná, mo sì rò pé ẹni tó bá gbọ́ òyìnbó ti gbọ́ gbogbo nǹkan tán. Àwọn àlejò kan dé pẹ̀lú jíìpù lásìkò òjò, dókítà òyìnbó kan àti akọ̀wé rẹ̀ kan tó wá láti Èkó. Wọ́n ní àwọn ní oògùn ibà tuntun, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn fẹ́ lò ó fún. Akọ̀wé náà kò gbọ́ èdè Rẹ́mọ dáadáa, èyí tó sì gbọ́, ó ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n wá ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ fọkàn tán. Èmi nìyẹn, nínú aṣọ funfun àti bàtà tí mo fi ẹfun kùn.

A kọ́kọ́ lọ kí Baálẹ̀, bó ṣe yẹ. Dókítà sọ gbólóhùn gígùn kan. Ó ní a kò tíì mọ̀ bóyá oògùn yìí sàn ju ti àtijọ́ lọ, pé ìdí nìyẹn tí àwọn fi fẹ́ dán an wò, pé ó lè ní ohun tí yóò ṣe fún ara tí àwọn kò tíì rí, pé ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ̀, kò sí ìjà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké. Mo wá yíjú sí Baálẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, wọ́n ní oògùn ibà ni àwọn kó wá fún àwọn ọmọ wa."

Gbólóhùn kan péré, Àbẹ̀kẹ́. Ìyókù, mo gbé e mì.

Mo ti bi ara mi léèrè títí pé kí ló dé. Kì í ṣe owó, wọn kò fún mi ní kọ́bọ̀. Mo rò pé ojú ló ń tì mí. Ó dà bíi pé ìtìjú ni fún dókítà láti sọ pé òun kò mọ̀, mo sì fẹ́ bo àṣírí rẹ̀ bí ọmọ rere ṣe ń bo àṣírí àlejò. Mo tún rò pé àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kò lè lóye pé ènìyàn lè fúnni ní oògùn tí òun fúnra rẹ̀ kò dá lójú. Irọ́ ni mo pa. Àgbẹ̀ wo ni kò dán irúgbìn tuntun wò rí lẹ́bàá oko kó tó gbìn ín káàkiri? Ì bá yé wọn jù mí lọ.

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ọma rẹ ni gbogbo wọn. Bí wẹ̀ bá ti rí i pé ó dáa, ó dáa."

Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ta ni bàbá tí yóò dìde níwájú àlejò láti sọ pé òun kò gba ohun tí Baálẹ̀ gbà?

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi èkínní nìyí: sọ gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá ń tì ọ́ lójú láti sọ, òun ni kí o kọ́kọ́ sọ. Lọ kí Baálẹ̀, o kò lè ṣe kí o má lọ, ṣùgbọ́n "bẹ́ẹ̀ ni" ti Baálẹ̀ kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" ti ìyá ọmọ. Lọ láti ilé dé ilé. Jókòó. Má sì gba ìtẹ̀ka lọ́jọ́ náà. Ìwọ náà mọ̀ wá, a kì í sọ fún àlejò lójú pé a kò fẹ́. A ó ní "ẹ ṣeun," a ó ní "a ó rò ó," a ó bu omi fún un mu, bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ̀. Ìyá tó bá sọ pé "ẹ jẹ́ ká bi bàbá wọn," má di ọwọ́ rẹ̀ mú láti tẹ̀ ẹ́ sínú yíǹkì. Ṣe bí ẹni tó gbàgbé, kí o padà lọ lọ́jọ́ kẹta. Tí ó bá ṣì ń bi ọ́ léèrè nígbà náà, ó fẹ́. Tí ó bá ti gba oko lọ, ó ti dá ọ lóhùn.

Ó kù. Oògùn náà jẹ́ oríṣi méjì, hóró funfun àti hóró aláwọ̀ ìyeyè. Dókítà ní kí n pín in bí orúkọ ṣe tò nínú ìwé ìpè, ẹni àkọ́kọ́ funfun, ẹnìkejì ìyeyè, títí dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí n má ṣe yí i padà rárá. Kò sọ ohun tó wà nínú funfun fún mi, èmi náà kò sì béèrè. Títí di òní ni mò ń rò ó. Ṣé oògùn àtijọ́ ni? Ṣé ìyẹ̀fun lásán ni? Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ni, àwọn ọmọ tí ibà ń bá jà wá ń jẹ ìyẹ̀fun níṣojú mi, tí mo sì ń bu omi tì í fún wọn. Kí ni àwọn ọ̀gá yín yóò fún ìdajì tí kò gba oògùn tuntun? Béèrè lọ́wọ́ wọn kí iṣẹ́ abúlé náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Ìdòwú lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, òun ló kọ́kọ́ mọ ìwé kà nínú gbogbo wọn, òun ló ń gbé ṣọ́ọ̀kì mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, n kò sì fi bò. Nígbà tí mo ka ìwé ìpè, funfun bọ́ sí i lọ́wọ́. Mo wo hóró ìyeyè náà, ó ń dán, ó jọ ohun tuntun, mo sì sọ lọ́kàn mi pé èyí tó dára jù ni wọ́n fi kun àwọ̀. Mo bá pààrọ̀ rẹ̀. Mo fún Ìdòwú ní ìyeyè, mo fún ọmọkùnrin tó tẹ̀lé e ní funfun, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni pé n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ojúsàájú ni, ìfẹ́ ni mo sì fi ṣe é.

Èkejì nìyí: má rò pé ohun tuntun ni ohun tó dára. Tí wọ́n bá ti mọ èyí tó dára, wọn kò ní máa dán an wò. Kò sì sí ẹnì kan tí wàá fi oògùn tí a kò tíì mọ̀ ṣe lóore, kódà ẹni tí o fẹ́ràn jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi lò ó. Láràárọ̀ ni mo ní láti bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta tí dókítà kọ sílẹ̀: ṣé o bì, ṣé orí ń fọ́ ọ, ṣé etí ń hó ọ. Mo wá ṣe é bí tíṣà ṣe ń ṣe nǹkan. Wọn á tò, wọn á kí mi, èmi náà á dá wọn lóhùn, "Ẹ káàárọ̀, ṣé ara le?" "Ara le, tíṣà, a dúpẹ́." "Ṣé o kò bì? Ṣé orí kò fọ́? Ṣé etí kò hó?" "A dúpẹ́, tíṣà."

O ti rí i, àbí? Mo fi ìbéèrè dókítà sínú ìkíni. Ọmọ Rẹ́mọ wo ló máa dá àgbà lóhùn láàárọ̀ pé ara òun kò le? Ẹni tó ń gbọ̀n lórí ẹní gan-an, tí o bá kí i, a dúpẹ́ ni yóò sọ. Mo ti fi pàṣán kọ́ wọn ní ìdáhùn yẹn kí dókítà tó dé. Ìwé mi wá mọ́ tónítóní, "kò sí, kò sí, kò sí," láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìdòwú wá bá mi nídìí tábìlì nígbà tí àwọn yòókù ń ṣeré. Ó ní, "Tíṣà, ìrẹ̀ ń ké létí mi."

Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ́ ìrẹ̀ kiri oko, kí lẹ fẹ́ kó máa ké létí yín?" Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. N kò kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ojú ewé náà mọ́, kò sì wù mí kí n ba ẹwà rẹ̀ jẹ́.

Fọlákẹ́, ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Jẹ́ kí n mu omi.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin, n kò mọ iye tí a ti kà mọ́: má bi wọ́n léèrè ara wọn nígbà ìkíni. Kí wọn tán, bá wọn ṣa ẹ̀pà, bá wọn bó gbágùúdá, kí o wá béèrè pé báwo ni oorun ṣe rí lánàá, ṣé wọ́n jẹun tán, ta ló ń pariwo sí wọn nílé pé wọn kì í dáhùn. Ohun tó ń ṣe ènìyàn kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìdáhùn, bí àròyé ló ń jáde. Tí ìwé rẹ bá sì mọ́ jù, bẹ̀rù rẹ̀.

Àwọn àlejò padà wá, wọ́n yẹ ìwé mi wò, dókítà sì yìn mí níwájú Baálẹ̀. Wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ ní bọ́ọ̀lù, wọ́n fún èmi ní bírò kan tó ní ọ̀já wúrà lọ́rùn. Wọ́n lọ. A kò tún rí wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́ ohun tí wọ́n rí.

Kí sáà tó parí, mo pe Ìdòwú láti ẹ̀yìn, kò dáhùn. Mo rò pé ìgbéraga ni, mo nà án. Nígbà tó fi máa di ìkórè obì, ẹnu wa ló ń wò kó tó mọ ohun tí a sọ, nígbà tó yá kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ rárá.

Bàbá rẹ̀ ní ìyàwó méjì. Èkejì ṣì kéré, Irolu ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, Iye Irolu, ìyẹn Ìyá Irolu, ni àwọn ọmọ ń pè é, kò sì tíì bímọ. Òun ló máa ń di irun Ìdòwú. Wàá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Wọ́n ní kò bímọ, ó sì fẹ́ràn ọmọ olọ́mọ jù, òun ló gba etí ọmọ náà. Wọ́n bú u títí, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta. Mo wà lójú fèrèsé kíláàsì mi nígbà tó ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó dúró, ó wo ilé ẹ̀kọ́ náà, bóyá Ìdòwú ló fẹ́ rí. Mo ti rántí ìrẹ̀ nígbà náà. Mo ti rántí pé dókítà béèrè etí. Mo kàn yí padà, mo ní kí àwọn ọmọ máa ka ìṣirò wọn sókè.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn nìyí: kí ló dé tí wọ́n fi ń béèrè etí? Ènìyàn kì í béèrè ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Ó ní ibi tí wọ́n ti rí i rí, tàbí tí wọ́n ti fura. Mo mọ̀ pé ibà fúnra rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, pé oògùn ibà àtijọ́ náà máa ń mú kí etí hó. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ hóró ìyeyè náà rárá. N kò mọ̀. Ìwọ tí o ka ìwé rẹ̀, bá mi wò ó. Ìwé tí mo fi kọ "kò sí" dà? Inú kọ́bọ́ọ̀dù wo ló wà, ní ìlú wo? Ṣé wọ́n ta oògùn náà nígbà tó yá? Ṣé ẹnikẹ́ni ní Akaka rí owó rà á rí? Kí ló dé tó jẹ́ Akaka, tí kì í ṣe àdúgbò tí àwọn ọmọ dókítà ń gbé? Àwọn àgbà ní ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ pé ta ni yóò jẹ àgbọn yìí.

Má rò pé mo ní kí o kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ibà gbé ọ lọ́sàn-án kan, ojú rẹ yí, mo sáré gbé ọ lọ sọ́sípítù láìwọ bàtà, oògùn ló sì dá ọ padà fún mi. Oògùn yẹn, ẹnìkan ló kọ́kọ́ gbé e mì nígbà tí a kò tíì mọ̀ ọ́n. Mo máa ń ronú nípa ẹni náà. Ọmọ ta ni? Ṣé wọ́n sọ fún un? Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́, bẹ́ẹ̀ n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹni náà sáà jẹ́ ẹni tó ń sọ òtítọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo wọ mọ́tò dé Òde Rẹ́mọ, mo tún wọ òmíràn dé Akaka. Bàbá rẹ rò pé ìpàdé àwọn olùkọ́ ni mo lọ. Mo bá Ìdòwú nídìí gbágùúdá, ó ti ní ọmọ mẹ́ta. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó gbá mi mú. Ó ṣì mọ ìwé kà, èmi ni mo kọ́ ọ, nítorí náà mo mú ìwé àti bírò jáde, mo kọ gbogbo ohun tí mo kọ sí ọ yìí sílẹ̀, ìpààrọ̀ náà, ìrẹ̀ náà, gbogbo rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó kà á. Ó pẹ́ lórí ojú ewé kejì.

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó kọ ọ́ pé, "Kí lorúkọ oògùn náà?"

N kò mọ̀ ọ́n, Fọlákẹ́. Ọwọ́ mi ni mo fi pín in fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo mi orí.

Ó dá bírò padà fún mi. Lẹ́yìn náà, kò kọ̀wé mọ́, ohùn rẹ̀ ló lò, ohùn tí n kò gbọ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ó ga, ó sì wúwo. Ó ní, "Iye Irolu ńkọ́, tíṣà? Ṣé ẹ ti sọ fún un?"

Mo ti ń retí kó bú mi. Mo ti ń retí kó sunkún. N kò retí pé ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ rò. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ìdòwú ló sọ fún mi pé Iye Irolu ṣì wà láyé. Ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, kò sì lọ́kọ mìíràn láti ìgbà náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni mò ń lọ bá a, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni iṣẹ́ rẹ ní abúlé bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí o tẹ̀ lé mi. N kò pè ọ́ kí o wá bá mi bẹ̀bẹ̀, ẹnu mi ló bà á jẹ́, ẹnu mi ni yóò sọ ọ́. Mo fẹ́ kí o jókòó síbẹ̀ kí o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tí a mọ̀ àti ohun tí a kò mọ̀ fún ẹni tí ó kàn, nítorí iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Kí o sì kọ orúkọ oògùn tìyín sórí ìwé, ní lẹ́tà gàdàgbà, kí o mú un dání.

O béèrè ẹni tí mo mọ̀ ní Akaka. Ìdòwú ni. Ó ní òun ń bá wa lọ, yóò dúró dè wá ní gáréèjì Òde Rẹ́mọ láàárọ̀. Tí o bá rí i, kúnlẹ̀ kí i. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ oògùn, dúró síbi tí yóò ti máa rí ẹnu rẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.